Kòkòrò Inú Àká Ìyá Sàfú

Wọ́n ní kí n wá kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, tí ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ máa fi ọwọ́ yín ṣe. Mo gbà láti kọ ọ́. Àmọ́ kí ẹ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé inú ń bí mi, mi ò sì ní díbọ́n pé kò bí mi nítorí pé mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn kan rò pé bí irun bá ti funfun, gbogbo ọ̀rọ̀ ti tán nínú ẹni nìyẹn. Tèmi ò tíì tán.

Kòkòrò ni mo máa ń yà ní fọ́tò. Mi ò ya ìyàwó, mi ò ya olóyè lórí àga. Kòkòrò kéékèèké ni mo fi gbogbo ayé mi yà, àwọn tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí: èèrà, tata tí kò ju ìrẹsì kan lọ, kòkòrò inú ẹ̀wà, kòkòrò ara ewé ẹ̀gẹ́. Mo máa ń sún mọ́ wọn títí ojú wọn á fi tóbi ju ojú tèmi lọ nínú fọ́tò. Ní Ìlaró àti Ayétòrò, Ìyá Eléèrà ni wọ́n sọ mí. Àwọn tó fi orúkọ náà ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ jù, oko wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè mí sí nígbà tí nǹkan bá ń jẹ irè wọn.

Bàbá mi jẹ́ katikíìsì ní ìjọ wa ní Ayétòrò, ó sì ń kọ́ni ní iléèwé ìjọ. Ọmọ mẹ́rin ló bí ṣáájú mi, tísà ni gbogbo wọn. Ó ti gba fọ́ọ̀mù iléèwé tísà tèmi náà sílé. Ó rán mi lọ sí Ìlaró kí n lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí màá lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú ilé fọ́tò Ọ̀gá Jékọ́bù, láàárín àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ ìsọmọlórúkọ tó wà lára ògiri, mo rí ojú kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ìwo tín-ín-rín méjì lórí, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ.

Mo bi Ọ̀gá Jékọ́bù pé, “Bàbá, ẹranko wo nìyí?”

Ó ní, “Tanpẹ́pẹ́ ni. Ó ń gé mi jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo yà á.”

Mi ò lẹ fọ́tò kankan mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìkórè títí di Àjíǹde. Ìyá mi ló lọ bẹ Ọ̀gá Jékọ́bù kó gbà mí ṣe ọmọ iṣẹ́. Ẹ má bi mí nípa owó, kò sí ohun tó wúlò nínú ìyẹn.

Ọ̀gá Jékọ́bù kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rù rẹ̀. Odindi oṣù mẹ́fà ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, a máa lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tó gbin ẹ̀wà sí. Kò gbin ẹ̀wà náà fún jíjẹ o, àwọn kòkòrò ló gbìn ín fún. Ìyàwó rẹ̀ a máa bínú pé ọkọ òun ń bọ́ kòkòrò nígbà tí òun ń lọ ra ẹ̀wà lọ́jà. Àárọ̀ la máa ń lọ nítorí pé ìrì ṣì wà ní ìyẹ́ wọn, wọn ò lè fò. Ó máa ní kí n dojú bolẹ̀, kí n fi ìgúnpá méjèèjì gún ilẹ̀, á wá gbé agolo mílíìkì tí omi kún inú rẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

“Mí,” ló máa ń wí.

Màá mí. Omi á dà sí mi lọ́rùn.

“Ṣé ìwọ ni kòkòrò máa dúró dè? Gbé agolo yẹn padà.”

Ó nídìí. Bí ẹ bá sún mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀, ibi tó máa mọ́ kedere nínú fọ́tò kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ. Bí ẹ bá mí lásán, ohun tó wà ní ojú kòkòrò á ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sì sí lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ohun tí ọ̀gá mi ṣe ni pé ó yọ lẹ́ǹsì kámẹ́rà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe iwájú, ó gé etí agolo, ó fi dè é mọ́ ara kámẹ́rà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù àti òwú. Lẹ́ǹsì tó ń sọ èèyàn di kékeré, bí ẹ bá yí i padà, á máa sọ kékeré di ńlá. Ó gé lára ìborùn ìyàwó rẹ̀ fi bo fíláṣì kí iná má baà le jù. Ìyẹn náà dá ìjà sílẹ̀.

Òfin méjì ló ní. Èkíní ni pé kòkòrò gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó sì wà níbi tí ẹ ti bá a. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pa á, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé. Èkejì ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan: ìlú wo, oko ta ni, orí irè wo, ìgbà wo lójúmọ́.

Mo rú òfin àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Tata kan dà mí láàmú fún ọjọ́ mẹ́ta, mo wá mú un, mo dé e mọ́ inú ìgò, mo lọ bẹ ẹni tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó bá mi fi í sínú fíríìjì. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó dúró jẹ́jẹ́ bí ọmọ iléèwé ọjọ́ ìsinmi. Mo ya mẹ́ta. Nígbà tí a fọ fọ́tò náà, ó dára débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ọ̀gá mi gbé e sábẹ́ awò rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún yí i padà.

Ó ní, “O kọ ọ́ síbí pé ọ̀sán gangan lo yà á. Níbo ni tata ti rí ìrì lójú ní ọ̀sán gangan?”

Òtútù fíríìjì ló ti di omi lójú kòkòrò. Ọ̀gá mi fa fọ́tò náà ya sí méjì, ó ní kí n lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n tó jáde, ó pè mí padà. Ó ní, “Bí ẹnu bá purọ́, èèyàn á bá a jiyàn. Ta ló ń bá fọ́tò jiyàn?” Mo rò pé ìbínú lásán ni nígbà náà. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti bọ́dà, mo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Òdìkejì bọ́dà ni fíìmù wa ti máa ń wá. Rọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá mi sì ní fọ́tò kan ni n óò máa yà lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya ọgọ́rùn-ún kí ẹ tó fọ ẹnu láàárọ̀, ẹ gbọ́ o, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan! Mo kọ́ sùúrù tipátipá. Nígbà tí wọ́n fi ṣí bọ́dà padà, mo ti lè dojú bolẹ̀ fún odidi àárọ̀ kí n má tẹ kámẹ́rà rárá, kí n sì dìde láìbínú.

Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ti wá mú mi. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹni tó máa máa ya kòkòrò tó ń ba irè jẹ́, kí wọ́n lè fi han àwọn àgbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. A máa gbé fọ́tò ńláńlá lọ sí Ìhùnbọ̀, sí Ìwòyè, sí Ẹ̀gùá, a máa gbé wọn kọ́ sára igi. Bàbá àgbẹ̀ kan rí kòkòrò àgbàdo tó ní ẹnu gígùn, ó kígbe pé, “Háà, àna mi ọkùnrin rèé!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tí kò dá kòkòrò náà mọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti mọ ojú ọ̀tá rẹ̀ ti mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé. Lẹ́ǹsì tí wọ́n dìídì ṣe fún kòkòrò dé. Kọ̀ǹpútà náà dé, ó ń kó ogún fọ́tò pọ̀ di ẹyọ kan kí gbogbo ara kòkòrò lè mọ́ kedere. Mo kọ́ ọ. Àwọn tó rò pé màmá arúgbó kò ní lè kọ́ ọ, mo kọ́ ọ ṣáájú wọn. Ohun tí mi ò fi sílẹ̀ ni òfin ọ̀gá mi. Ohun tí mo ń kọ sí ẹ̀yìn fọ́tò tẹ́lẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà báyìí: ìlú, oko, orúkọ ẹni tó ni oko. Ọ̀gá Jékọ́bù ti kú nígbà yẹn. Mo rò pé mò ń bọlá fún un ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú.

Wọ́n tún ti bọ́dà. Kì í ṣe ti àwọn ṣọ́jà ayé ọjọ́sí, èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú yín yìí ni. Àwọn tó ń gbé níbi tó jìnnà ń pàtẹ́wọ́ pé ó dára, pé kí àgbẹ̀ ilé lè jèrè. Kí wọ́n wá bi wá! Lọ́dọ̀ wa, ìdílé kan wà tí bọ́dà gba àárín wọn kọjá, ìyá wà níbí, ọmọ wà lọ́hùn-ún. Epo bẹntiróòlù di ohun tí èèyàn ń wá kiri. Wọ́n ń tú ẹrù àwọn obìnrin sílẹ̀ lójú títì, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ inú gàrí. Bí ẹ bá gbé àpò kan lé kẹ̀kẹ́, fàyàwọ́ ni yín títí ẹ óò fi fi hàn pé ẹ kì í ṣe é.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọ́fíìsì ní kí n ya fọ́tò sí ìwé kékeré kan tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí bí a ṣe ń tọ́jú àgbàdo. Mo lọ sí Ẹ̀gùá, sọ́dọ̀ Ìyá Sàfú. Opó ni, ó lágbára lóko ju ọkùnrin púpọ̀ lọ, ó sì ní àká mẹ́ta. Ó ti ń gbà mí lálejò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní káfíńtà ti wọ àká òun, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bó ṣe ń gbẹ́ àgbàdo náà ló ń gbẹ́ igi àká. Kò tó orí ìṣáná. Mo dojú kọ ihò kan lára àgbàdo láti ìdájí, nígbà tí oòrùn sì yọ, ó yọ orí jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun níwájú orí. Nínú fọ́tò, ńṣe ló dà bí ìyálọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀rọ ìlọta dé. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mi ò ya èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Sàfú fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa kọ orúkọ mi síbẹ̀?”

Mo ní, “Màá kọ ọ́ gàdàgbà.”

Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀yin ọmọ, inú rẹ̀ dùn.

Wọ́n ti yan ọkùnrin kan wá nígbà náà láti ṣe alága àwọn tó ń yẹ àká wò ní ẹ̀bá bọ́dà nítorí àgbàdo fàyàwọ́. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà á pè é bẹ́ẹ̀. Ó wá sí ìpàdé wa ní ọ́fíìsì, ó rí fọ́tò mi lára ògiri, ó ka ohun tí wọ́n kọ nípa kòkòrò náà nínú ìwé kan. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì.

“Ìwé sọ ọ́ síbí pé òdìkejì ni kòkòrò yìí ti wọlé. Àgbàdo tí a bá ti bá a nínú rẹ̀, àgbàdo fàyàwọ́ nìyẹn.”

Mo dìde. Mo ní, “Alága, ẹ jọ̀wọ́, òótọ́ ni pé ọ̀hún ló gbà wọlé. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ṣì ń rákòrò nígbà yẹn. Ọmọ náà ti bímọ báyìí. Kò sí ìlú tí kòkòrò yìí kò sí mọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, “Màmá, iṣẹ́ tiyín ni láti ya fọ́tò.”

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí wọ́n wọ Ẹ̀gùá. Wọ́n mú fọ́tò mi dání, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fẹ̀ bí ìwé ìkéde, orúkọ Ìyá Sàfú wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà bí mo ṣe ṣèlérí. Wọn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó àgbàdo inú àká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú lọ́rì. Wọ́n tún wọ ilé ìdáná. Ẹ mọ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe, wọ́n á ṣa àgbàdo tó dára jù, wọ́n á so ó mọ́ àjà lókè ààrò kí èéfín máa fín in, kí kòkòrò má lè débẹ̀. Irúgbìn ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ní oko mọ̀ pé irúgbìn ni. Alága gbójú sókè, ó rí àgbàdo dúdú, ó ní, “Kí ló dé tí ẹ fi gbé èyí pamọ́ sókè?” Wọ́n já a bọ́ sílẹ̀, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́, mo sáré lọ. Ìyá Sàfú jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sunkún. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ obìnrin tó jẹ́ akápò fún ti ní kó kọ́kọ́ yẹra ná títí ọ̀rọ̀ náà á fi tán, nítorí pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n fi fàyàwọ́ ba orúkọ àwọn jẹ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ.

Ó ní, “Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mú wọn wá, àmọ́ ẹ dìde.”

Mo ní, “Ìyá Sàfú, mi ò mọ̀.”

Ó ní, “Òjò àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ rọ̀. Kí ni mo fẹ́ gbìn?”

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sún mọ́ kòkòrò fún gbogbo ayé mi débi pé mo lè sọ iye ìka tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀kan rí nípa ẹni tó máa mú fọ́tò náà dání lẹ́yìn mi. Ọ̀gá mi kọ́ mi ní òtítọ́, kò kọ́ mi pé àwọn kan wà tó lè fi òtítọ́ jalè. Inú bí mi sí ọ̀gá mi, bó tilẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Inú bí mi sí ara mi jù.

Mo ronú lórí ohun tí ọkùnrin yẹn kò ní lè bá jiyàn. Ọ́fíìsì wa ní sítọ́ọ̀ irúgbìn tirẹ̀ ní Ìlaró, àgbàdo tí ìjọba máa pín fún àgbẹ̀ wà níbẹ̀ nínú àpò funfun, àmì ọ́fíìsì wà lára àpò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú yíǹkì aláwọ̀ ewé. Mo mọ̀ pé káfíńtà wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ń jò lábẹ́ àwọn àpò náà bí ẹni pé wọ́n ń lọ ẹ̀kọ níbẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kòkòrò náà láàyè, tó ń yọ jáde látinú àpò, lórí àmì ọ́fíìsì gan-an, kí kòkòrò mọ́ kedere, kí àmì náà sì ṣeé kà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́dọ̀ tẹ kámẹ́rà. Bí mo bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kó ogún fọ́tò pọ̀, Alága á ní mo fi ọwọ́ ṣe é ni.

Ọ̀gbẹ́ni arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Sítọ́ọ̀, ṣí ilẹ̀kùn fún mi ní ìdájí ọjọ́ kìíní. Mo dojú bolẹ̀ láàárín ekuru. Kòkòrò ń jáde níbi tí mi ò fẹ́, wọ́n ń jáde lára òwú ìránpò, wọ́n ń jáde lábẹ́. Ọjọ́ kejì kọjá, ọjọ́ kẹta kọjá. Ní ọjọ́ kẹrin, òjò rọ̀. Mo gbọ́ ọ lórí páànù, mo sì mọ̀ pé gbogbo Ẹ̀gùá ti gbé àdá àti ọkọ́ jáde, àfi ẹnì kan.

Bàbá Sítọ́ọ̀ wá dúró sí mi lórí. Ó ní, “Ìyá Eléèrà, òkú wọn kún ilẹ̀ níbí bí iyanrìn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àmì yìí, ẹ yà á, ẹ máa lọ sílé. Òótọ́ náà kọ́ ni? Ṣebí wọ́n wà níbí?”

Mo ní, “Wọ́n wà níbí.”

“Ta ló wá máa mọ̀?”

Mo mú òkú kan nílẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo mú un, mo gbé e lé àmì náà láti wo bó ṣe máa rí. Ìwo orí rẹ̀ ti ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kó jọ sí àyà. Ẹni tó bá mọ kòkòrò á mọ̀. Bí ẹyọ ẹnì kan bá sì mọ̀, Ìyá Sàfú á di fàyàwọ́ títí láé, èmi á sì di òpùrọ́ tó gbèjà rẹ̀. Mo fẹ́ òkú náà dànù. Bàbá Sítọ́ọ̀ pòṣé, ó ní orí mi le bí orí kòkòrò náà.

Ní ọjọ́ kẹfà, ìyẹ̀fun díẹ̀ yọ láàárín yíǹkì aláwọ̀ ewé. Ihò kan là. Orí kan yọ. Mo dá èémí dúró títí àyà fi ń ro mí. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì di etí ihò mú, ó fa ara rẹ̀ jáde, ó dúró lórí àmì ìjọba bí ẹni tó ni ọ́fíìsì. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo gbé fọ́tò náà sára ògiri, ó fẹ̀ dé òrùlé. Mo ní, “Alága, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ máa rán lọ́rì sí sítọ́ọ̀ yìí náà? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.” Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo ilé wá bá a rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ̀wé pé àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀, pé kí wọ́n dá àgbàdo obìnrin náà padà fún un.

Wọ́n máa ń pa á lówe pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ ohun tí irọ́ náà ti jẹ tán lọ́nà kí òtítọ́ tó bá a o.

Alága sọ ìdápadà náà di ayẹyẹ. Wọ́n gbé àga kalẹ̀ ní Ẹ̀gùá, wọ́n to àwọn àpò náà, ó sì ní kí n wá ya òun níbi tí òun ti ń bọ Ìyá Sàfú lọ́wọ́. Mo gbé kámẹ́rà lọ. Ìyá Sàfú wá, ó kí gbogbo èèyàn, kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó lọ tààrà síbi àpò àkọ́kọ́, ó tú u. Ìyẹ̀fun ló dà jáde, ìyẹ̀fun àti káfíńtà. Ó tú èkejì, ìyẹ̀fun. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá àgbàdo dúdú tó ti fi èéfín tọ́jú láti ọdún tó kọjá. Ó rí ṣùkù rẹ̀. Ihò ti lu gbogbo rẹ̀ bí asẹ́.

Alága ní, “Màmá, ẹ má ya ìyẹn.”

Mo yà á. Mo ya bàtà Alága tó ti funfun, mo ya ojú rẹ̀, mo ya obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun. Ó ní kí n pa á rẹ́. Mo ní ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan rẹ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo gbé ìwé ìfẹ̀yìntì mi lọ fún wọn, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí kí n dúró.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà gba Ìyá Sàfú padà, wọ́n yá a ní irúgbìn. Ó gbìn ín nígbà tí ti àwọn yòókù ti ga dé orúnkún. Ohun tó rí kó ní ọdún yẹn kò kún àká kan.

Ní ọdún tó kọjá mo lọ kí i. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní ẹ̀kọ, ó béèrè àwọn ọmọ-ọmọ mi ní oríkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í bóyá káfíńtà tún ti wọ àká.

Ó ní, “Wọ́n ti wọ̀ ọ́.”

Mo ní, “Ṣé kí n bá yín wò ó?”

Ó wo báàgì kámẹ́rà tó wà ní èjìká mi. Kò bínú, ó kàn wò ó. Ó ní, “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ níta, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo fi í sílẹ̀ níta. A jọ wọ inú àká. Ó mú àgbàdo kan, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní, “Ẹ wò ó, òun rèé, ó ń rìn lórí àtàǹpàkò mi.” Mo gbé ojú mi súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo tún sún mọ́ ọn sí i. Ojú àgbà ni ojú mi, láti ogójì ọdún ni lẹ́ǹsì ti ń bá mi wò. Ìyẹ̀fun ni mo rí, mo rí ìlà ọwọ́ ìyá àgbẹ̀. Mi ò rí kòkòrò kankan.

Mo ní, “Mo ti rí i.”

Irọ́ ni mo pa. Ó sì mọ̀.